George Washington, Àgbẹ̀ Tábà Tí Ó Bá Ọba Gẹ̀ẹ́sì Jagun

Kò sí ọmọ ilé-ìwé nínú wa tí kò tíì gbọ́ orúkọ George Washington rí. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ olú-ìlú Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ ni ó sì wà lára owó dọ́là kan ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, mẹ́sàn-án yóò wí pé akọni ni, pé ó gba Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò sì dákẹ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Ìjà tí wọ́n ti ṣẹ́gun Washington kò kéré sí èyí tí òun ṣẹ́gun. Ohun tí ó fi borí ni pé kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀ tú ká fún ọdún mẹ́jọ. Bákan náà, ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń jà fún òmìnira, ẹrú kún oko rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní Freetown nígbẹ̀yìn, ní ilẹ̀ Sàró tí àwọn baba púpọ̀ nínú àwọn ará Èkó àti Abẹ́òkúta ti wá. Ìtàn ọ̀gá àti ti ẹrú náà ni a fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀gá ni yóò gba àyè jù.

A bí Washington ní ọjọ́ 22 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1732, ní Virginia, ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ 13 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó sí etí òkun Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyàwó àkọ́fẹ́ baba rẹ̀, ti lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n ikú baba náà dínà mọ́ òun. Ìwé díẹ̀ àti ìṣirò ni ó kọ́, àìtó ẹ̀kọ́ náà sì ń ká a lára títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 18 ó ti di awọnlẹ̀, ó ń rin inú igbó kiri pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1751 ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Lawrence, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà, lọ sí erékùṣù Barbados láti wá ìwòsàn. Lawrence kò rí ìwòsàn, ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Olóde sì bá George jà níbẹ̀, ó yè, ó sì gbé àpá rẹ̀ bọ̀ wálé. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa jọ̀wọ́ rántí àìsàn yìí, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Láti ọdún 1754 títí di 1758 ó wà nínú ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Faransé jà nítorí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá odò Ohio. Kò fi ògo bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Júláì, ọdún 1754, òjò àti ìbọn àwọn Faransé ká a mọ́ inú odi kékeré kan tí ó mọ sí àárín pápá, ó sì ní láti túúbá. Ní ọdún 1755 ó bá Ọ̀gágun Braddock lọ, wọ́n sì kó sí àárín àwọn Faransé àti àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ nínú igbó. Braddock kú, ẹṣin méjì ni a yìnbọn pa lábẹ́ Washington, ihò ọta mẹ́rin sì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta kan kò kan ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nílẹ̀ wa ni, gbogbo ayé ì bá ti sọ pé ó ní ayẹta. Ohun méjì ni ó kó bọ̀ láti inú ogun náà. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn sójà Ọba, pẹ̀lú ẹ̀wù pupa wọn, ń sá bí ènìyàn yòókù ti ń sá. Ó sì ti wá ipò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ọba gan-an, wọn kò fún un, nítorí ọmọ ìpínlẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kà á sí. Ó dákẹ́, ó padà sílé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Ní oṣù Jánúárì ọdún 1759 ó fẹ́ Martha Custis, opó ọlọ́rọ̀ tí ó ní ọmọ méjì, ó sì jókòó ti oko rẹ̀ ní Mount Vernon lẹ́bàá odò Potomac. Tábà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àwọn ẹrú ni ó sì ń gbìn ín. Àwọn oníṣòwò tí ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò mọ irú òwò tí a fẹ́ sọ yìí. Bí tábà bá gbẹ, wọn a dì í sínú àgbá, wọn a fi ọkọ̀ kó o lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀n. Oníṣòwò náà ni yóò tà á ní iye tí ó bá rí. Òun náà ni yóò ra aṣọ, bàtà, àga àti ohun èlò gbogbo tí Washington bá kọ sínú ìwé, yóò yọ owó ọkọ̀, owó ibodè àti èrè tirẹ̀, yóò sì fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́. Nígbà mìíràn ẹrù a dé ní fífọ́, nígbà mìíràn aṣọ a dé lẹ́yìn ìgbà tí irú rẹ̀ ti kọjá lọ ní Lọ́ńdọ̀n, ṣùgbọ́n iye tí a kọ sí i kì í kéré. Ẹni tí ó ni ọjà kò ní ẹnu nínú iye ọjà, ẹni tí ó ń rajà kò sì rí ohun tí a rà fún un kí owó tó lọ. Ní ọdún 1764 Washington bá a pé gbèsè tí òun jẹ oníṣòwò náà ti tó nǹkan bí 1,800 pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò fi owó náà ta tẹ́tẹ́. Ó bínú gidigidi. Kò pẹ́ tí ó fi tábà sílẹ̀, tí ó ń gbin àlìkámà tí ó lè tà nítòsí, tí ó sì ń pẹja nínú odò Potomac. Ní ojú tiwa, ìwé ìṣirò Lọ́ńdọ̀n yìí ti sọ ọ́ di ọlọ̀tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da tíì sínú òkun.

Ogun àwọn Faransé parí ní ọdún 1763, gbèsè ńlá sì wà lọ́rùn Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀n pinnu pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà bá wọn ru nínú ẹrù náà. Ní ọdún 1765 wọ́n ṣe òfin pé kò sí ìwé àdéhùn, ìwé ilé-ẹjọ́ tàbí ìwé ìròyìn tí a óò ṣe láìsan owó òǹtẹ̀. Irú ojú-ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ì bá san tirẹ̀. Ariwo ta, wọ́n sì mú òfin náà kúrò ní ọdún 1766. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1767 wọ́n tún bu owó lé dígí, bébà, ọ̀dà, òjé àti tíì. Owó náà kò wúwo tó bí àwọn kan ti ń sọ ọ́. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé àwọn kò ní aṣojú kan ṣoṣo nínú ilé tí ń bu owó náà lé wọn. Ní ọdún 1769 Washington wà nínú àwọn tí ó mú àbá wá ní Virginia pé kí gbogbo ènìyàn jáwọ́ nínú ríra ọjà Ìlú Ọba. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1773, àwọn ènìyàn kan ní Boston da àpótí tíì 342 sínú òkun. Ọba George Kẹta àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti èbúté Boston pa, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì rí i pé ohun tí ó ṣe Boston lónìí lè ṣe àwọn lọ́la. Ní ọjọ́ 19 oṣù Éépírì, ọdún 1775, ìbọn dún ní Lexington àti Concord.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ńlá àwọn ìpínlẹ̀ pàdé ní Philadelphia, Washington wọ aṣọ ológun rẹ̀ àtijọ́ wá sí ìjókòó. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ náà bá a sọ ọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Júùnù wọ́n yàn án ní balógun. Kì í ṣe nítorí ọgbọ́n ogun nìkan: àwọn ará àríwá ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ Virginia wà níwájú kí àwọn ará gúúsù má baà sọ pé ọ̀ràn náà kò kan àwọn. Ó ní òun kò ní gba owó oṣù, kìkì pé kí wọ́n san ohun tí òun bá ná padà. Ó sì ń kọ ìnáwó náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ogun fi parí.

Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1776 ó gbé àwọn àgbá ìbọn, tí Henry Knox fi màlúù wọ́ la yìnyín kọjá láti ọ̀nà jíjìn, sórí òkè tí ó kọjú sí Boston, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kó sínú ọkọ̀ wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì Ìgbìmọ̀ Ńlá kéde òmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún kan náà, Ọ̀gágun Howe ti padà dé sí ẹ̀gbẹ́ New York pẹ̀lú ọmọ-ogun tí ó ju 20,000 lọ, àti ọkọ̀ ogun tí ó bo omi. Washington kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sí Long Island, ó sì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ láìṣọ́. Ọ̀nà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà yọ sí wọn lẹ́yìn ní ọjọ́ 27. Àṣìṣe ńlá ni, òun ni ó sì ni ín. Ọ̀tá wà níwájú, odò wà lẹ́yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 ó pàṣẹ kí wọ́n fi iná àgọ́ sílẹ̀ kí ó máa jó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀, àwọn apẹja láti Marblehead sì ń fi ọkọ̀ kékeré kó wọn kọjá odò ní gbogbo òru. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ tí iṣẹ́ kò tíì parí, kùrukùru ṣú bolẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 9,000 ni ó kọjá. Washington wà lára àwọn tí ó wọ ọkọ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ̀ ọ́ sá ni í bá ogun lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Washington ti mọ̀ ọ́ sá.

Nígbà tí ọdún 1776 ń lọ sópin, ìlú New York ti bọ́, nǹkan bí ènìyàn 2,800 ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá nínú odi kan ṣoṣo, àdéhùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ sójà rẹ̀ yóò sì parí ní ọjọ́ tí ọdún bá parí. Bí kò bá ṣe nǹkan, ogun ti tán. Ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì ó kó ènìyàn 2,400 kọjá odò Delaware láàárín yìnyín tí ń ṣàn, àwọn mìíràn láìní bàtà, wọ́n sì já lu àwọn ọmọ-ogun Jámánì tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó háyà, ní Trenton, ní òwúrọ̀. Nǹkan bí 900 ni wọ́n mú. Ìjà kékeré ni bí a bá fi wé ogun ńlá, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ènìyàn padà bọ̀ sípò.

Ọ̀tá kan wà tí ó ń pa ju ìbọn lọ, olóde ni. Ó ti tú àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ká níwájú Quebec. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1777 Washington, tí ó ti là á já ní Barbados, pàṣẹ pé kí wọ́n bupá fún gbogbo sójà tí kò tíì ṣe é rí. Bíbupá ìgbà náà kì í ṣe ti ìgbà ìkẹyìn: wọn a sín apá, wọn a fi oje ara aláìsàn sí i, kí àìsàn náà lè mú ènìyàn díẹ̀ kí ó sì kọjá. Bí ọ̀tá bá gbọ́ pé àgọ́ kún fún aláìsàn, wọn yóò kọlù wọ́n, nítorí náà wọ́n ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ó tọ́ kí àwọn òǹkàwé wa mọ̀ pé ẹrú aláwọ̀ dúdú kan, Onesimus, wà lára àwọn tí ó mú ọgbọ́n yìí dé Boston. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, àlùfáà Cotton Mather, pé wọ́n ti ṣe é fún òun ní Áfríkà, wọ́n sì dán an wò nígbà tí àjàkálẹ̀ dé ìlú náà ní ọdún 1721. Ogun ńláńlá tí a ń kà nínú ìwé kò gba Amẹ́ríkà là ju àṣẹ yìí lọ.

Ní ọdún 1777 Philadelphia bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ̀któbà Ọ̀gágun Burgoyne túúbá fún àwọn ará Amẹ́ríkà mìíràn ní Saratoga. Washington lo òtútù ọdún náà ní Valley Forge; nǹkan bí 2,000 ènìyàn kú níbẹ̀, àìsàn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe ọta. Iṣẹ́gun Saratoga mú kí ọba Faransé bá Amẹ́ríkà mulẹ̀ ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1778, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ òmìnira, ṣùgbọ́n nítorí pé ó fẹ́ san ẹ̀san ogun àtijọ́. Láìsí ọkọ̀ ogun rẹ̀, a kò rí bí ọ̀ràn náà ì bá ti parí. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1781 ọkọ̀ àwọn Faransé dí ẹnu omi Chesapeake, Washington àti Ọ̀gágun Rochambeau sì sáré láti àríwá wá dó ti Ọ̀gágun Cornwallis ní Yorktown. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀któbà Cornwallis túúbá pẹ̀lú ọmọ-ogun tí ó ju 7,000 lọ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ọ̀rọ̀ ẹrú náà. Harry ni orúkọ rẹ̀. Agbègbè odò Gáńbíà ni a ti mú un wá. Ní ọdún 1763 ni Washington rà á, ó sì fi í sí iṣẹ́ fífa omi kúrò nínú irà ńlá kan. Ní ọdún 1771 ó sá, wọ́n mú un padà. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1775 Gómìnà Dunmore ti Virginia, nítorí àtidààmú àwọn ọlọ̀tẹ̀, kéde pé ẹrú ọlọ̀tẹ̀ tí ó bá wá jà fún Ọba yóò di òmìnira. Nígbà tí ó di ọdún 1776 Harry kò sí lóko mọ́. Ó di kọ́pírà nínú ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń sin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rò ó wò: ọ̀gá gbé ìbọn nítorí kí Ọba má baà sọ ọ́ di ẹrú, ẹrú sì sá tọ Ọba lọ nítorí kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí a má baà ṣẹ̀ sí òtítọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú bí 5,000 ni ó jà lẹ́yìn àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Washington kọ̀ wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àìní ọmọ-ogun ni ó mú kí ó yí ọkàn padà.

Ní oṣù Méè ọdún 1783, nígbà tí àlàáfíà ti dé, Washington pàdé Ọ̀gágun Carleton tí ó kù ní New York, ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè ni àwọn ẹrú tí ó sá. Carleton kọ̀, ó ní Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ìlérí, ìtìjú ni yóò sì jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá kan, nǹkan bí 3,000 ènìyàn, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Orúkọ Harry Washington wà nínú ìwé náà, ọmọ ọdún 43. Wọ́n gbé e lọ sí Nova Scotia, níbi tí òtútù pọ̀ tí ilẹ̀ kò sì tó wọn.

Ohun tí ó sọ Washington di ẹni ńlá jù lójú wa kò jẹ́ ti ìbọn. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1783 àwọn ọ̀gá ológun tí a kò san owó wọn ń dìtẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ńlá. Ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó sì mú lẹ́tà kan jáde láti kà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé iṣẹ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ òun lójú. Àwọn ọkùnrin tí wọn kò tíì rí i pẹ̀lú awò ojú rí bẹ̀rẹ̀ sí sọkún, ìdìtẹ̀ náà sì tú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà ó dúró níwájú Ìgbìmọ̀ ní Annapolis, ó dá ìwé àṣẹ balógun padà fún wọn, ó sì gun ẹṣin lọ sí ilé. Ẹni tí ó ní ọmọ-ogun lẹ́yìn, tí kò sì sí ẹni tí ó lè dá a dúró, ni ó ṣe èyí.

Wọn kò jẹ́ kí ó sinmi pẹ́. Ní ọdún 1787 ó jókòó lórí àga àwọn tí ó ṣe òfin ńlá ilẹ̀ náà, láti ọdún 1789 di 1797 ó ṣe Ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì tún fi àga sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1796, nígbà tí ó ṣì wà lórí oyè, ọmọbìnrin ẹrú kan tí ń jẹ́ Ona Judge sá kúrò nílé rẹ̀ ní Philadelphia. Ó ránṣẹ́ wá a kiri, kò rí i mú padà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1799, ọ̀nà ọ̀fun dí mọ́ ọn. Àwọn dókítà fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lára rẹ̀, ó sì kú ní ọmọ ọdún 67. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ó pàṣẹ pé kí gbogbo ẹrú 123 tí ó jẹ́ tirẹ̀ di òmìnira nígbà tí aya rẹ̀ bá kú. Ẹrú kan, William Lee, tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ogun, gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó ju 150 lọ tí wọ́n jẹ́ ti ìdílé ọkọ àkọ́kọ́ Martha kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti bá ara wọn ṣe lọ́kọ-láya, tí baba di òmìnira tí ọmọ sì wà lóko ẹrú. Martha kò dúró de ikú ara rẹ̀. Ó dá àwọn 123 náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì, ọdún 1801. A gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà á láti máa gbé láàárín àwọn ènìyàn tí ikú rẹ̀ yóò jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ fún.

Harry ti kúrò ní Nova Scotia ní àkókò yìí. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1792 ọkọ̀ 15 gbé àwọn aláwọ̀ dúdú bí 1,200 kúrò ní Halifax, wọ́n sì dá Freetown sílẹ̀, ọgbọ̀n ọdún kí a tó sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ilẹ̀, ó ń roko. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí ń ṣàkóso ibẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀n bu owó ilẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ní àwọn kò ní san, nítorí wọ́n ti ṣèlérí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn, wọn kò sì fi àwọn ṣe ìgbìmọ̀. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1800, nígbà tí Washington kò tíì lo ọdún kan nínú ibojì, wọ́n dìde. A fi ọmọ-ogun tẹ̀ wọ́n rì. Wọ́n pa méjì lára àwọn tí wọ́n mú, wọ́n sì lé àwọn yòókù kúrò ní ìlú. Wọ́n kó Harry Washington kọjá omi lọ sí èbúté Bullom, ó di ẹni tí ó tó ọmọ 60 ọdún, ó sì bẹ̀rẹ̀ oko mìíràn.